Bí Mo Ṣe Lọ Gba Ẹnu Bàbá Ọdẹ́gbàmí Padà Nínú Igbó Ìtàkùn Àgbáyé

Ẹ sún síwájú díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u tán báyìí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò fẹ́ kí wọ́n já òun láàárín. Ẹ wò mí bí mo ṣe jókòó. Àpò ọdẹ wà lápá òsì mi, gègé ìkọ̀wé wà lápá ọ̀tún. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé ìbọn kí n tó di gègé mú, ṣùgbọ́n ibi tí gègé gbé mi dé, ìbọn kò gbé ọdẹ kankan dé ibẹ̀ rí ní ìlú Òkè-Ìrókò yìí.

Èmi ni Ọdẹ́bímpé, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọdẹ. Obìnrin ni mí, ọdẹ sì ni mí. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi ìkookò tí awọ rẹ̀ wà lára ògiri mi. Mo ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta kí n tó mọ a yàtọ̀ sí b. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà, àga tí wọ́n fún mi kéré débi pé orúnkún mi ń kan àgbọ̀n mi. Tíṣà tó ń kọ́ wa kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Yóò kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, “Ẹ káàsán, mà,” lẹ́yìn náà ni yóò dìde fún mi ní òdo nínú àkọtọ́. Mo ń gba òdo náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọláòtán tó jókòó ti òpó yẹn, ẹ wò ó bó ṣe ń yí ojú, òun ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ fún àwọn tó ń kọjá pé, “Ẹ wá wo àgbàlagbà ẹyẹ tó ń kọ́ fífò.” Ọdún kẹta, ẹyẹ fò. Ẹgbẹ́ ọdẹ fi mí jẹ akọ̀wé, Ọláòtán sì ni mo ń ka ìwé ìpàdé fún.

Ní ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ wa gba ojú ewé tirẹ̀ lórí ìtàkùn àgbáyé, kí ẹni tó wà lókè òkun lè ka iṣẹ́ tí àwọn ọdẹ wa ti ṣe. Wọ́n ní kí n lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ, kí n sì kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ọdẹ́gbàmí ni mo kọ́kọ́ lọ. Àbúrò bàbá mi ni. Òun ló tọ́ mi, òun ló sì fi ìbọn lé mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti fọ́ nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, orí ẹní ló ń gbé.

Ó ní kí n kọ ọ́ pé, “Mo pa ẹfọ̀n Odò Àgbìn.”

Kò sí ẹni tí kò mọ ẹfọ̀n yẹn. Oṣù mẹ́ta ló fi dí ọ̀nà odò, tí àwọn ìyá wa fi ń fi ìrì fọ ojú ọmọ. Mo tẹ orí ba, mo kọ ọ́, mo sì kà á fún un: Bàbá Ọdẹ́gbàmí ní òun pa ẹfọ̀n Odò Àgbìn.

Ó gbé orí sókè. “Ta ni òun?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

“Èmi kì í ṣe òun. Ẹni tí kò sí níjòókòó ni wọ́n ń pè ní òun. Màá di òun láìpẹ́, tí ẹ bá ti da yẹ̀pẹ̀ bò mí. Ní báyìí tí mo ṣì ń mí, mo ni kí o kọ. Mo pa á. Kọ mo.”

Ẹni tó tọ́ mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo pa òun rẹ́, mo kọ mo. Ohun tó sì lọ sórí ìtàkùn àgbáyé nìyí:

Bàbá Ọdẹ́gbàmí ní mo pa ẹfọ̀n Odò Àgbìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n ti rí kòtò tí mo gbẹ́. Èmi kò rí i. Mo lọ sùn, inú mi dùn.

Kò pé oṣù kan, ìkíni bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n ń kí mi láti ìlú tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀: “Ọdẹ́bímpé, obìnrin bí ọkùnrin, a kà á pé Bàbá Ọdẹ́gbàmí fúnra wọn jẹ́rìí pé ìwọ lo pa ẹfọ̀n.” Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọdẹ mẹ́fà wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ẹní Bàbá kọjá, wọn kò wò ó, wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. Gbogbo àlàyé tí mo ṣe, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ mi ti pọ̀ jù.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bàbá pè mí.

“Ta ni wọ́n wá kí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Nítorí kí ni?”

Mi ò lè purọ́ fún un. “Nítorí ẹfọ̀n yín.”

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó fi ọwọ́ pa ẹní títí, ó wá ní, “Ọdẹ́bímpé, mi ò bímọ, mi ò kọ́lé. Ẹfọ̀n yẹn nìkan ni mo ní láyé. Bá mi gbà á padà kí n tó lọ.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo sáré lọ sídìí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà láti tún un kọ, ewé náà kò gbọ́ ọwọ́ mi mọ́. Ìtàkùn ti fà á lọ sí àárín igbó. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, àfi kó lọ bá a níbẹ̀. Mo kó ìbọn, mo kó gègé, mo di èlùbọ́ sápò, mo sì wọ Igbó Ìtàkùn Àgbáyé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù wo igbó náà láti orí ibùsùn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Èmi fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ìtàkùn so mọ́ ìtàkùn, kò sí ẹni tó mọ èyí tó ni gbòǹgbò. Ewé kọ̀ọ̀kan ní ojú, ojú kọ̀ọ̀kan ní ẹnu, gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀ papọ̀. Ewé kan ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ tí mi ò ní kó kọ́ mi. Ewé kejì ń bú ọkùnrin kan tí kò rí rí. Ewé kan tó fẹ̀ bí agbòòrùn ń polówó bàtà, ó sì tẹ̀ lé mi fún máìlì méjì, ó ń bi mí pé ẹsẹ̀ mi tó nọ́ńbà mélòó. Ọdẹ mìíràn ì bá ti sá. Mo fi òwú di etí, mo ń lọ.

Ìlú tí mo kọ́kọ́ kàn ni Ìlú Wọ́n-ní. Oníbodè kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, “Ẹ kú ìjókòó o.”

Ó ní, “Wọ́n ní kí n kí ọ káàbọ̀.”

“Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?”

“Wọ́n.”

“Mo ní ta ni wọ́n?”

“Wọ́n ní kí a má bèèrè.”

Bí gbogbo ìlú náà ṣe rí nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ní olúwa níbẹ̀. Wọ́n mú mi lọ sí ààfin. Ọba tí mo bá níbẹ̀ gbẹ bí igi ìgbálẹ̀, adé rẹ̀ ti bọ́ sí i lọ́rùn. Ikọ̀ tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún un, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sì sanra débi pé ó ní láti fi ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Ojú mi ló ṣe. Ọba ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ, “Mo ń fẹ́ iyán.” Ikọ̀ yára lọ sí ilé ìdáná, ó sì ké sí àwọn olorì pé, “Ọba ní mo ń fẹ́ iyán.” Àwọn olorì gún iyán, wọ́n sì gbé e fún ikọ̀. Ó jẹ ẹ́, ó fọwọ́, ó padà wá dúró.

Mo ní, “Ẹ̀yin ikọ̀, ojú kò tì yín?”

Ó ní, “Kí ni mo ṣe? Bí ọba ṣe sọ ọ́ ni mo sọ ọ́. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, mi ò yọ ọ̀kan.”

“Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ kúkú wí pé ọba ní òun ń fẹ́ iyán.”

Ọba gbọ́, ó gbọ̀n lórí ìtẹ́. Ó ní, “Ẹni tó bá sọ mí di òun láàfin mi, orí rẹ̀ á kúrò lọ́rùn.”

Bí ọba ṣe wí yìí gan-an ni Bàbá mi ṣe wí lórí ẹní. Mo tún wo ikọ̀ yẹn láti òkè délẹ̀, mo sì rí ara mi. Èmi náà sọ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo sì jẹ iyán oníyán. Kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n ọdẹ tí kò lè wo ojú ara rẹ̀ nínú odò, kí ló fẹ́ fi wo ojú ẹkùn?

Ọba na ìka tó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ ẹ̀fọn, ó fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní, “Níbi tí ìtàkùn méje ti pàdé, wàá bá Ìyá Aláàmì. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu olúwa rẹ̀. Tí o bá rí i gbà, jọ̀ọ́, gba ibí padà.” Ikọ̀ rẹ̀ tẹ́tí sí i, kò dùn mọ́ ọn.

Ìyá Aláàmì rèé bí mo ṣe bá a: ó dàgbà ju ìrókò lọ, àmì kún ara rẹ̀ láti iwájú orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè tẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Kò jẹ́ kí n dìde kó tó pa àlọ́ fún mi.

“Kí ló ní ẹnu méjì, tó gbé ọ̀rọ̀ há sáàárín, tí kò sì gbé e mì?”

Mo ní, “Ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ.”

“Irin ni ẹ̀mú ń gbé.”

“Ìyá àti ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣe àṣírí.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Méjèèjì ló máa gbé e mì, wọ́n á sì tún pọ̀ ọ́ fún aládùúgbò. Wo ilẹ̀.”

Ó fi ìka fa ìlà sínú iyanrìn. Ẹnu ọfà kan kọjú sí òsì, ẹnu ọfà kan kọjú sí ọ̀tún, lẹ́tà kan jókòó láàárín wọn. Ó ní, “Èyí la fi ń ṣí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nínú èdè àmì tí wọ́n ń kọ sára ewé. Àwọn tó gbìn ín ń pè é ní HTML.” Ó fò kọjá díẹ̀, ó fa ìkejì. Ó jọ àkọ́kọ́, àfi ọ̀pá tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó wà ṣáájú lẹ́tà náà. “Èyí la fi ń tì í. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tó jókòó sáàárín gbólóhùn la ń fi í ṣe. Ọ̀rọ̀ tó bá gùn tó odindi ìpínrọ̀ ní àmì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tìrẹ gùn tó mélòó?”

“Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, mà: ẹ̀kẹrin ni orúkọ odò. Ọdẹ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.”

Ọláòtán, má rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín.

Mo da àmì náà kọ kíákíá. Lẹ́tà tó wà láàárín yẹn rí roboto, ó sì ní nǹkan tó sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ ni, ti ọdẹ, àmì abẹ́ rẹ̀ ló gùn díẹ̀ nítorí ọwọ́ ìyá àgbà ń gbọ̀n. Mo tilẹ̀ bá a tún un ṣe nínú ìwé mi. Ẹ rí ìgbéraga.

Ó ní, “Gbọ́ o. Aṣàwákiri ló ń ka ewé fún gbogbo ayé. Ewé rẹ ti ń rọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kù tó lè kà á. Tí ìkẹta bá tún wọ́, yóò já bọ́, ohun tó wà lára rẹ̀ yóò sì bá a lọ.” Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Ó ní òun fẹ́ wo ìran.

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, mo ti kojú erin. Mi ò rí ohun tó dà bí Aṣàwákiri rí. Ó jókòó sórí àpáta. Ojú kan ló ní, ó fẹ̀ bí ẹní. Ẹnu rẹ̀ pọ̀ bí ihò afárá oyin, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì kọjú sí ilé kan láyé. Kò mọ irọ́, kò mọ òótọ́, kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Àmì nìkan ló mọ̀, ohun tí àmì bá sọ ni yóò ṣe. Ewé wa so sí iwájú rẹ̀. Mo mú gègé, mo kọ àmì mi yí ọ̀rọ̀ Bàbá ká:

<ọ>Mo pa ẹfọ̀n Odò Àgbìn.</ọ>

Aṣàwákiri yí ojú sí i. Gbogbo ẹnu rẹ̀ sì kà á pé: Bàbá Ọdẹ́gbàmí ní ẹnu ọfà ọ ẹnu ọfà mo pa ẹfọ̀n Odò Àgbìn. Ó sì gbé àmì ẹ̀yìn mì láìkà á.

Gbogbo igbó bú sẹ́rìn-ín. Ewé tó ń ta bàtà yẹn ní, “Ìyá ọdẹ, ìwé ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ, ẹ ti ń ta ọfà.” Etí ewé wa pọ́n.

Ìyá Aláàmì ní, “Kí lo pe lẹ́tà tó wà láàárín?”

“Ọ, mà.”

“Kì í ṣe ọ. Kíú ni. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ìrù rẹ̀ ti jáde, kì í ṣe abẹ́. Aṣàwákiri kò mọ ọ rẹ ní àmì, ìdí nìyẹn tó fi kà á bí ọ̀rọ̀.”

Mo ní, “Kò sí kíú nínú a b d tí wọ́n kọ́ mi.”

“Òótọ́ ni. Àlejò ni. Ṣé ẹ kì í gba àlejò ní Òkè-Ìrókò ni?”

Ojú tì mí, mo sì gba àlejò. Mo kọ kíú, mo tún un kọ nígbà mẹ́wàá sínú iyanrìn títí ìrù rẹ̀ fi dúró sí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n mìíràn sọ sí mi lórí. Mo rántí àmì àyọlò tí tíṣà kọ́ wa, èyí tó dà bí èékánná ẹkùn méjì méjì lókè ọ̀rọ̀. Mo ní kí n fi tiwa kún tiwọn kó lè le dáadáa. Ẹni tó bá fi okùn kan so ewúrẹ́, kí ló burú nínú kó fi méjì? Mo fi èékánná mi sínú àmì níwájú àti lẹ́yìn.

Aṣàwákiri rí kíú. Ó mọ̀ ọ́n. Ó na ọwọ́, ó fi èékánná tirẹ̀ kọ́ sí iwájú ọ̀rọ̀, ó tún fi òmíràn kọ́ sẹ́yìn, lórí èyí tí mo ti fi síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá di mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Ó sì kà á bí ẹni tó ń sín ẹni tó ń sín Bàbá jẹ. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti gbọ́ tí obìnrin kan ń bi ọkọ rẹ̀ pé, “Ta ló wá ń sọ pé ta ló sọ?” Ọkọ ní, “Wọ́n ní ni.” Ewé wa pọ́n dé agbede méjì.

Ìgbà kan ló kù. Mo jókòó sílẹ̀. Mo rí Bàbá lójú mi lórí ẹní, ó ń fi ọwọ́ wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Òwe bọ́ lẹ́nu mi láìrò:

“Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin ìyá mi, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.”

Ìyá Aláàmì ní, “Wàá pa òmíràn.” Ó sì fi ọ̀pá gbá mi lórúnkún. “Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?”

“Ẹ dá mi lóhùn òwe ni, mà.”

“Kí ló dé tí o kò fúnra rẹ wí i? O pa òwe, o kúkú ní ẹnu. Kí o sọ pé tótó, kí o pa á, kí o tún sọ fún ara rẹ pé wàá pa òmíràn.”

“Háà, kò ṣeé ṣe. Tèmi ni kí n tọrọ àyè. Àgbà tó ń gbọ́ ló máa ń dáhùn. Ẹni tó bá ṣe méjèèjì, wèrè ni wọ́n máa pè é.”

Ó kàn ń wò mí. Èmi náà wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo yí ojú, mo wo Aṣàwákiri lórí àpáta, mo sì rẹ́rìn-ín dé ibi tí omijé fi bọ́ lójú mi. Àgbà tó ń gbọ́ nìyẹn. Àmì tó ní kíú nínú ni tótó mi. Èékánná ni ìdáhùn rẹ̀, tirẹ̀ ni láti fi síbẹ̀. Iṣẹ́ àgbà ni mo gbà ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti kékeré, ẹ sọ fún mi, ta ló kọ́ yín ní èyí? Òwe ìyá mi ló ṣí i fún mi.

Mo pa èékánná mi rẹ́. Kí n tó fi gègé kalẹ̀, mo wo ewé tó ń ta bàtà, nítorí ó ti ń kígbe láti ọjọ́ tí mo ti dé, mo sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ṣí ọ̀rọ̀ oníbàárà kan, kò sì fi ọ̀pá fífì tì í. Ẹnu oníbàárà yẹn wá gbé gbogbo ìpínrọ̀ mì. Oníbàárà ló ń sọ pé bàtà náà dára, òun náà ló ń sọ pé òun ni òun ń tà á, òun náà ló ń kìlọ̀ pé kí àwọn oníbàárà má yọ òun lẹ́nu. Mo fi ọ̀pá kan tì í fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, “Ẹ ṣé, mà. Ẹ má bínú sí ti ọfà.”

Lẹ́yìn náà ni mo padà sí tèmi. Mo wo ọ̀pá mi, ó fì. Mo wo kíú mi, ìrù rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́.

Bàbá Ọdẹ́gbàmí ní <q>Mo pa ẹfọ̀n Odò Àgbìn.</q>

Aṣàwákiri tẹjú mọ́ ọn. Ó fi èékánná méjì kọ́ síwájú, ó fi méjì kọ́ sẹ́yìn, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ: ó rẹ ohùn sílẹ̀. Gbogbo ẹnu rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì kà á bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n gbé àga fún. Ohùn Bàbá ni mo gbọ́. Ewé wa tutù láti ìdí dé ṣóńṣó, ó gbọ́ ọwọ́ mi padà, mo sì mọ̀ pé láti ilé ni mo ti lè máa tún un kọ wàyí.

Ìyá Aláàmì ní, “Ó kù kan. Tó bá jẹ́ lára ewé ẹlòmíràn lo ti já ọ̀rọ̀, wàá kọ ọ̀nà ibẹ̀ sínú àmì tí o fi ṣí i. Aṣàwákiri kì í kà á sókè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí ewé wo ẹ̀yìn rẹ̀ á rí i. Tìrẹ ti ẹnu èèyàn wá, máa lọ.”

Mo gba Ìlú Wọ́n-ní kọjá, mo sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣí ọ̀rọ̀ ọba, tí wọ́n sì ń tì í. Ní ọjọ́ yẹn, ọba jẹ iyán, ó jẹ òkèlè mẹ́tàdínlógún, mo kà á. Ikọ̀ rẹ̀ sìn mí dé ẹnu bodè, ó ń wò mí bí ẹni tó jí ọbẹ̀ lórí iná.

Nígbà tí mo délé, àwọn ọdẹ mẹ́fà yẹn ti ṣáájú mi dé. Yíyí ni wọ́n yí ẹní Bàbá ká, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un. Ọláòtán wà níbẹ̀, kò lè sẹ́. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo sì jẹ́ kó kà á jáde. Bàbá gbé etí.

“Ohùn mi nìyẹn?”

“Ohùn yín ni, Bàbá. Àmì wà níwájú rẹ̀, àmì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó lè wọ àárín rẹ̀ mọ́ láéláé.”

“Kò sí ẹlòmíràn?”

“Ẹ̀yin nìkan.”

Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n orí ni Bàbá ń mì.

Ó ní, “Ó wá kù díẹ̀ káàtó. Ẹnì kan wà níbẹ̀.”

Ó na ọwọ́ sí ibi tí mo jókòó sí.

“Bàbá rẹ wà níbẹ̀, Ọdẹ́bímpé. Ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló di ìwo ẹfọ̀n yẹn mú. Mo gbé ìbọn, mi ò lè yìn ín, nítorí mò ń wo ojú rẹ̀. Ó ní, Yìn ín, má wo ojú mi. Mo yìn ín. Ẹfọ̀n ṣubú, ṣùgbọ́n ìwo ti wọlé sí bàbá rẹ lára.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tí kò ríran. “Mo sọ fún ìlú pé ẹfọ̀n ti pa á kí n tó débẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, ó rọrùn fún mi. Ṣùgbọ́n o ti fi í sí ẹnu èmi nìkan báyìí, mi ò lè dá dúró sínú rẹ̀. Kọ ọ́.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Ọdẹ́yalé ni orúkọ rẹ̀. Mi ò mọ ojú rẹ̀, mi ò mọ ohùn rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan láyé yìí tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Mo ti di ìyá àgbà kí n tó gbọ́ ọ̀kan. Mo ṣí ọ̀rọ̀ Bàbá, mo ṣí ọ̀rọ̀ bàbá mi sínú rẹ̀, mo ti ọ̀rọ̀ bàbá mi, mo sì ti ọ̀rọ̀ Bàbá tẹ̀lé e:

Bàbá Ọdẹ́gbàmí ní <q>Mo pa ẹfọ̀n Odò Àgbìn nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́yalé di ìwo rẹ̀ mú, tó ní <q>Yìn ín, má wo ojú mi.</q></q>

Aṣàwákiri kò bi mí léèrè. Ó fi èékánná méjì méjì kọ́ sí ìta fún àbúrò, ó sì fi èékánná kan ṣoṣo kọ́ sínú, níwájú àti lẹ́yìn, fún ẹ̀gbọ́n, kí ayé má bàa ṣi ọ̀kan mú fún ìkejì. Ó kà á. Bàbá ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Ọláòtán yìí, tó jókòó ti òpó yìí, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ṣí fìlà. Ó kí ọdẹ tó wà lórí ẹní, ó yíjú sí ibi tí ohùn kejì ti wá, ó sì kí ọdẹ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ títí ayé. Lẹ́yìn náà ló wá kí èmi akọ̀wé.

Tèmi tán. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde lórí ìjókòó yín, kí ẹ kí wọn.